Bàbá Ìbejì, ẹ gba èsì àyẹ̀wò àkọ́kọ́ yín lọ́wọ́ wọn kẹ́ ẹ tó kúrò

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 43 ni mí, Sùúrùlérè ni mò ń gbé, Marina ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ó ti lé ní ọdún kan àbọ̀ tí mo ti ń gba abẹ́rẹ́ testosterone, hòmóònù ọkùnrin, ní ilé ìtọ́jú kan ní Erékùṣù Èkó. Ó máa ń rẹ̀ mí nígbà náà, ìbálòpọ̀ ò wù mí mọ́, wọ́n sì ní testosterone mi ló lọ sílẹ̀. Abẹ́rẹ́ 250 mg ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún mi lọ́sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin. Nígbà tí mo ní agbára rẹ̀ kì í bá mi dé ọ̀sẹ̀ kẹrin, wọ́n sọ ọ́ di ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, lẹ́yìn náà ọjọ́ mẹ́wàá-mẹ́wàá. Láti ọjọ́ tí mo ti bẹ̀rẹ̀, wọn ò gba ẹ̀jẹ̀ mi wò mọ́. Lóṣù tó kọjá, orí ń fọ́ mi ṣáá, mo wá lọ ṣe àyẹ̀wò ní láàbù kan ní Òjúẹlẹ́gbà: PCV mi jẹ́ 57. Mo fi ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp. Nọ́ọ̀sì ní kí n máa mu omi dáadáa, pé owó oṣù mẹ́fà tí mo san sílẹ̀ ti fẹ́ tán. Mo béèrè fáìlì mi, wọ́n ní tiwọn ni. Mo fẹ́ lọ síbòmíràn, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí pé ibẹ̀ náà lè burú jù báyìí lọ. Ìyàwó mi sì fẹ́ ká bí ọmọ kan sí i lẹ́yìn ìbejì wa. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe? (Bàbá Ìbejì, Sùúrùlérè)

Ìdáhùn: Bàbá Ìbejì, ẹ kú ìrọ́jú. Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì, ìdáhùn tí wọ́n fún yín lórí WhatsApp yẹn sì dùn mí gan-an. Ṣùgbọ́n ká tó sọ̀rọ̀ ibi tẹ́ ẹ máa lọ, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú 57 yẹn, torí òun ni kò lè dúró.

Bí àwa ará ibí bá gbọ́ PCV, ẹ̀jẹ̀ tó lọ sílẹ̀ ló máa ń wá sí wa lọ́kàn: aboyún, ọmọdé tí ibà ń ṣe, ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún. Ìdí nìyẹn tí ẹlòmíràn fi máa rí 57 tí inú rẹ̀ á máa dùn pé ẹ̀jẹ̀ òun pọ̀. Ohun tí PCV ń sọ ni pé, nínú ẹ̀jẹ̀ yín, ìdá 57 nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ kìkì sẹ́ẹ̀lì pupa. Testosterone máa ń ti ara láti ṣe sẹ́ẹ̀lì pupa sí i. Bó bá ti pọ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ á ki bí ẹ̀kọ tí omi ò tó, kò sì ní í lọ geere nínú iṣan mọ́. Abẹ́rẹ́ tó ń tètè wọ ara ló sì máa ń fa èyí ju ti inú jẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń fi pa ara lọ. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ hòmóònù ní Amẹ́ríkà, Endocrine Society, gbé jáde ní ọdún 2018 sọ ọ́ láìfọ̀rọ̀ falẹ̀: bí PCV bá ti ju 54 lọ, kí wọ́n dá abẹ́rẹ́ dúró títí yóò fi wálẹ̀, kí wọ́n wádìí ohun mìíràn tó lè fà á, bí wọ́n bá sì máa bẹ̀rẹ̀ padà, kí wọ́n dín in kù.

Nítorí náà, ẹ má gba abẹ́rẹ́ tó kàn. Bí ọjọ́ rẹ̀ bá tiẹ̀ jẹ́ ọ̀la, ẹ má gbà á. Láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ lọ fi ara yín han dókítà kan, ẹ sì tún PCV náà ṣe. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ omi tí wọ́n sọ: ẹni tí oòrùn pa láti CMS dé ilé láìmu omi, PCV rẹ̀ lè ga díẹ̀. Ẹ mu omi dáadáa lọ́jọ́ tó ṣáájú àyẹ̀wò kejì. Àmọ́ omi nìkan kò lè ṣàlàyé 57 fún ẹni tó ń gba 250 mg lọ́jọ́ mẹ́wàá-mẹ́wàá. Bí ẹsẹ̀ kan bá wú tó sì ń dùn yín, bí àyà bá ń dùn yín, bí èémí bá ń ká yín, bí apá kan bá rọ tàbí ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ yín lẹ́nu, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni. Pàjáwìrì ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ yín jù ni kẹ́ ẹ gbà lọ.

Ẹ tún bi Ìyá Ìbejì léèrè bóyá ẹ máa ń hanrun lóru, tí èémí yín á sì dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kí ẹ tó ta gìrì mí padà. Àìsàn oorun yẹn fúnra rẹ̀ lè mú PCV ga, ó ń sọ ara di aláàárẹ̀, ẹni tí tirẹ̀ bá sì le tí kò tíì tọ́jú rẹ̀ kò gbọdọ̀ wà lórí testosterone. Ìyàwó ló sábà máa ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, torí òun ni kì í sùn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ kíkúrò níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ tó ń wá bá mi rò pé ibi tí wọ́n á ti máa gún àwọn lábẹ́rẹ́ ni àwọn fẹ́ yí padà. Bí ó bá jẹ́ ìyẹn nìkan ni, ó rọrùn. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí gbà lọ́wọ́ wọn, bí gbogbo ìyókù bá tiẹ̀ sọnù, ni èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ṣe fún yín kí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ tó wọ ara yín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀yà ara kékeré kan tí wọ́n ń pè ní pituitary wà lábẹ́ ọpọlọ tó ń fi ìránṣẹ́ méjì, LH àti FSH, ránṣẹ́ sí kórópọ̀n. LH ló ń ní kó ṣe testosterone. FSH ló ń bá a dá sí ọ̀rọ̀ irú-ọmọ inú àtọ̀. Bí testosterone bá ti ń gba inú abẹ́rẹ́ wọlé, ọpọlọ á rí i pé èyí tó wà nílẹ̀ ti tó, á sì pe àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ padà sílé. Kórópọ̀n á fọwọ́ lẹ́rán. Bí mo bá gba ẹ̀jẹ̀ yín lónìí, LH yín á fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òfo, yálà ẹ ní àìsàn tẹ́lẹ̀ tàbí ẹ ò ní. Àyẹ̀wò òní kò lè sọ ẹni tẹ́ ẹ jẹ́ lọ́dún kan àbọ̀ sẹ́yìn. Ìwé ọjọ́ yẹn nìkan ló lè sọ ọ́.

Bí ìwé náà bá sì tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀ dáadáa. Ẹ̀ẹ̀mejì ló yẹ kí wọ́n wọn testosterone, lọ́jọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, láàárọ̀ kí aago mẹ́wàá tó lù, kí ẹ tó jẹun. Ẹni tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, lọ́sàn-án, lẹ́yìn tó jẹ ẹ̀bà tán, tàbí lọ́sẹ̀ tí ibà ń ṣe é, testosterone rẹ̀ lè wálẹ̀ láìjẹ́ pé àìsàn kankan ń ṣe é. Bí LH bá ga nígbà náà, kórópọ̀n ló níṣòro: ó lè jẹ́ ìpalára àtijọ́, sẹ́gẹdẹ̀ tó mú un nígbà tó ti bàlágà, tàbí pé genotype rẹ̀ jẹ́ SS. Bí LH bá lọ sílẹ̀ pẹ̀lú testosterone, òkè ni ká wò: pituitary abẹ́ ọpọlọ yẹn, prolactin (hòmóònù tó ń mú omi ọyàn wá) tó ga, ara tó sanra jù, àtọ̀gbẹ, tàbí Tramadol. Mo dárúkọ Tramadol torí mo mọ ìlú tí mo wà. Ẹni tó bá ń lò ó lójoojúmọ́ láti fi gbára dì, òun gan-an ló lè máa fa testosterone rẹ̀ wálẹ̀, àwọn èèyàn á sì máa fi abẹ́rẹ́ lé e lórí. Oorun náà ń kọ́? Ẹni tó ń jí ní aago mẹ́rin àbọ̀ torí afárá Third Mainland, tí kì í sì í délé kí aago mẹ́sàn-án alẹ́ tó lù, ó yẹ kí dókítà rẹ̀ béèrè wákàtí tó ń sùn kó tó béèrè ohunkóhun mìíràn.

Ẹ ṣọ́ra fún nọ́ńbà tó wà lórí ìwé o. Láàbù kan á kọ ọ́ ní ng/dL, òmíràn ní ng/mL, òmíràn ní nmol/L. 300 ng/dL, 3.0 ng/mL àti 10.4 nmol/L, ìwọ̀n kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo ti rí ẹni tí ìdààmú bá torí pé ó rò pé testosterone òun já láti 300 sí 3. Ẹ máa wo ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà náà.

Bí wọ́n bá ní àwọn ò ní ìwé kankan ńkọ́? Nígbà náà, ẹ ti mọ nǹkan ńlá kan nípa wọn. Mo rántí ọkùnrin kan tó wá bá mi ní irú ipò yìí. Kò ní fáìlì, kò ní káàdì. Àpò nylon dúdú kan ló gbé sórí tábìlì mi. Ìgò abẹ́rẹ́ mẹ́sàn-án ló wà nínú rẹ̀, tó ti ní kí nọ́ọ̀sì máa fún òun lẹ́yìn tó bá gún òun tán. A tò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan lórí pépà funfun, òróró ìdí wọn ṣì ń yọ̀ lọ́wọ́ wa. Mẹ́fà jẹ́ enanthate, oríṣi testosterone kan. Méjì jẹ́ Sustanon, tó jẹ́ pé oríṣi testosterone mẹ́rin ni wọ́n pò pọ̀ sínú rẹ̀, tí òróró rẹ̀ sì jẹ́ òróró ẹ̀pà. Kò sẹ́ni tó bi í rí bóyá ẹ̀pà bá a lára mu. Ìkẹsàn-án, ìwé ara rẹ̀ ti ṣí kúrò, kò sí orúkọ, kò sí nọ́ńbà NAFDAC, kò sí ọjọ́ tó máa bàjẹ́. Ọkùnrin náà tẹjú mọ́ ọn títí. Oògùn kan náà ló rò pé òun ń gbà láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ṣí fóònù rẹ̀, a wo àláàtì báńkì rẹ̀ láti oṣù dé oṣù, ọjọ́ tó sanwó sì jẹ́ ká mọ ọjọ́ tó gba ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú la fi kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ tó fi di ìtàn tó ṣe é kà.

Ẹ̀yin náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àláàtì, ọ̀rọ̀ WhatsApp, rìsíìtì, àwòrán páálí oògùn, ẹ kó gbogbo rẹ̀ jọ kẹ́ ẹ tó sọ fún wọn pé ẹ ń lọ. Ọ̀rọ̀ WhatsApp, ẹ ya àwòrán rẹ̀ pa mọ́, kí wọ́n má lọ pa á rẹ́.

Ní ti fáìlì tí wọ́n ní tiwọn ni: ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí lè jẹ́ tiwọn, àmọ́ ẹ ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kẹ́ ẹ sì gba ẹ̀dà. Ìwé Ẹ̀tọ́ Aláìsàn tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní ọdún 2018 sọ bẹ́ẹ̀, òfin ààbò ìwífún Nàìjíríà ti ọdún 2023 sì tì í lẹ́yìn. Ẹ kọ lẹ́tà kúkúrú, kẹ́ ẹ má bá ẹnikẹ́ni jà: orúkọ yín, nọ́ńbà káàdì, pé ẹ fẹ́ ẹ̀dà gbogbo èsì àyẹ̀wò, orúkọ oògùn, ìwọ̀n àti ọjọ́ abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ ní kí wọ́n buwọ́ lu ẹ̀dà tiyín pé àwọn gbà á. Bí wọ́n bá kọ̀, HEFAMAA ni àjọ tó ń bojú tó ilé ìwòsàn gbogbo ní ìpínlẹ̀ Èkó. MDCN ló ń rí sí ọ̀ràn dókítà. FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníbàárà, lẹ lè gbé ọ̀ràn owó tó ṣẹ́kù lọ bá. Èrò tèmi ni pé ẹ má jẹ́ kí ìjà owó dá ìtọ́jú yín dúró. Ẹ wá dókítà ná. Ẹjọ́ lè máa lọ lẹ́yìn.

Ìbẹ̀rù tẹ́ ẹ ní kò burú. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló á sá. Ṣùgbọ́n ibi tó yẹ kẹ́ ẹ lọ kò jìnnà sí yín: LUTH tó wà ní Ìdí-Àràbà ní ẹ̀ka onímọ̀ hòmóònù, LASUTH ní Ìkẹjà náà ní. Èrò pọ̀ níbẹ̀, ẹ máa jí, ẹ máa dúró, àmọ́ ẹni tó bá rí yín mọ ohun tó ń wá. Àwọn aládàáni tó dára náà wà. Ẹ wo ara ògiri fún ìwé àṣẹ HEFAMAA, ẹ béèrè orúkọ dókítà gan-an, ẹ rí i pé orúkọ rẹ̀ wà ní MDCN àti pé ìwé àṣẹ ọdún yìí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù kẹ́ ẹ bi wọ́n rèé: “Bí PCV mi bá kọjá 54, kí lẹ máa ṣe?” Ẹni tó mọṣẹ́ á dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ má ṣèyọnu, pé àwọn á máa fa ẹ̀jẹ̀ dà nù fún yín lóṣooṣù kẹ́ ẹ lè máa gba abẹ́rẹ́ lọ, ẹ kí i kẹ́ ẹ sì jáde. Ibi tí wọ́n bá ti ní kẹ́ ẹ san ti oṣù mẹ́fà sílẹ̀ kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ yín, ibẹ̀ náà kọ́.

Bí àlàyé dókítà tuntun ò bá jọ ohun tí ẹ ti ń gbà tẹ́lẹ̀, ẹ má rò pé ó ń fi nǹkan dù yín. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín. Bó bá jẹ́ enanthate ni wọ́n ń gún fún yín, ó máa ń ga fíofío láàárín ọjọ́ mélòó kan tí wọ́n bá gún un tán, lẹ́yìn náà á máa já wálẹ̀. 250 mg lọ́sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ẹ dà bí ọba, ọ̀sẹ̀ kẹrin ẹ dà bí aṣọ tí wọ́n fún. Ẹ̀hónú yín tọ̀nà. Àtúnṣe wọn ni kò tọ̀nà: ìwọ̀n ńlá yẹn náà ni wọ́n ń gún, wọ́n kàn ń mú un súnmọ́ra láìwo ẹ̀jẹ̀. Ohun tí ìlànà gbà ni 150 sí 200 mg lọ́sẹ̀ méjì-méjì, tàbí 75 sí 100 mg lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì wọn testosterone ní agbedeméjì abẹ́rẹ́ kan sí èkejì, torí ọjọ́ kejì á parọ́ pé ó ga jù, ọjọ́ tó kẹ́yìn á parọ́ pé kò tó. Àyẹ̀wò PCV ṣáájú, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, lẹ́yìn náà lọ́dọọdún. PSA, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún prostate, náà wà níbẹ̀ fún ọjọ́ orí yín: ìlànà ka àwa aláwọ̀ dúdú mọ́ àwọn tí ewu jẹjẹrẹ prostate pọ̀ sí, ó sì ní bí PSA wa bá ti ju 3 lọ, kí onímọ̀ prostate rí wa kí ẹnikẹ́ni tó fi testosterone kàn wá.

Ẹ lè ti gbọ́ pé ìwádìí ńlá kan ní ọdún 2023, TRAVERSE, sọ pé testosterone kì í pa ọkàn. Àwọn ọkùnrin tó lé ní 5,200 ló wà nínú rẹ̀, lóòótọ́ ni àìsàn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ kò pọ̀ láàárín wọn ju ti àwọn tó lo oògùn tí kò ní nǹkan nínú. Ṣùgbọ́n jẹ́ẹ̀lì ni wọ́n lò, wọ́n sì ń wo ẹ̀jẹ̀ wọn. Síbẹ̀síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ dídì nínú ẹ̀dọ̀fóró àti ọkàn tó ń lù ségesège pọ̀ díẹ̀ sí i láàárín àwọn tó gba testosterone. Ìwádìí yẹn kò sọ ohunkóhun nípa 250 mg lọ́jọ́ mẹ́wàá-mẹ́wàá láìsí àyẹ̀wò.

Láàárín ìgbà tí ẹ bá dá a dúró, ara lè wúwo, ọkàn lè rẹ̀wẹ̀sì, ìbálòpọ̀ lè tún lọ sílẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí oṣù mélòó kan kí ọpọlọ tó rán LH jáde padà. Ẹ sọ fún aya yín kó tó ṣẹlẹ̀, kó má rò pé òun ni ẹ kọ̀. Bí ìbànújẹ́ náà bá wá pọ̀ débi pé ayé sú yín, ẹ sọ fún dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má sì jẹ́ kí ó tì yín lọ sí Ìdúmọ̀tà lọ ra ìgò kan fúnra yín. Ní oṣù Kejì ọdún 2025 ni NAFDAC ti ọjà oògùn náà pa torí ayédèrú oògùn.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi ọ̀rọ̀ ọmọ sẹ́yìn ni, torí ó gba àyè tirẹ̀, òun sì ni inú fi bí mi jù nínú lẹ́tà yín. Ó dá mi lójú pé kò sẹ́ni tó sọ fún yín pé abẹ́rẹ́ testosterone ń dá irú-ọmọ dúró. Bí kórópọ̀n ò bá gba LH àti FSH, àtọ̀ á ṣì máa jáde bó ṣe ń jáde, àmọ́ irú-ọmọ inú rẹ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátá. Ìwádìí ti wà lórí lílo ó bí oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí fún ọkùnrin. Ìlànà 2018 yẹn sì sọ pé ẹni tó bá fẹ́ bímọ láìpẹ́, kí wọ́n má fún un rárá. Mo ti jókòó pẹ̀lú tọkọtaya tí ìyàwó ti mu oògùn ọlọ́dún méjì, tí ìyá ọkọ ti ń sọ̀rọ̀ sí i, tó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ ọkọ ló wà nídìí rẹ̀ látìgbà náà. Kò sẹ́ni tó bi ọkọ léèrè.

Ó sábà máa ń padà. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin a rí irú-ọmọ padà láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún kan tí wọ́n bá dáwọ́ abẹ́rẹ́ dúró, ẹlòmíràn a tó ọdún méjì. Oògùn wà tí onímọ̀ lè fi ta kórópọ̀n jí, bíi abẹ́rẹ́ hCG. Ẹ má ra á fúnra yín, ẹ jẹ́ kí dókítà wọn ohun tó wà nílẹ̀ ná. Gbólóhùn tó yẹ kó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu yín ní ọ́fíìsì dókítà tuntun ni pé, “A fẹ́ bímọ.” Gbogbo ètò tó bá ṣe lẹ́yìn náà á yàtọ̀ sí èyí tó máa ṣe bí ẹ ò bá sọ ọ́. Ẹ ní kó kọ àyẹ̀wò àtọ̀ mọ́ PCV, LH, FSH àti prolactin, kẹ́ ẹ sì tún un ṣe ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, torí bí oṣù méjì àbọ̀ ni irú-ọmọ fi ń dàgbà kó tó jáde.

Bí Ìyá Ìbejì bá sì ti ń ronú láti lọ ṣe àyẹ̀wò tirẹ̀, ẹ ní kó sinmi díẹ̀ ná, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe tiyín. Ẹ mú un dání lọ sọ́dọ̀ dókítà náà bó bá lè gbàyè níbi iṣẹ́.